Ẹ Má Sọ̀rọ̀, Mò Ń Gbọ́ Ẹ̀jẹ̀

Àwọn ìyá tó ń wá yẹ BP wò lọ́dọ̀ mi ní Igbó-Ọrà kò fẹ́ràn aṣọ tí mò ń wé mọ́ wọn lápá. "Nọ́ọ̀sì, ó ń fún mi o!" Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fún yín, Mọ̀mí. Bí mo ṣe ń tẹ rọ́bà ni afẹ́fẹ́ ń kún inú aṣọ yẹn, títí yóò fi dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa. Nígbà náà, bí mo tilẹ̀ fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí, n kì í gbọ́ nǹkan kan. Mo wá ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójijì: kọ, kọ, kọ. Ẹ̀jẹ̀ ti rí ibi gbà kọjá. Ibi tí ìró yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà òkè, ibi tó ti dákẹ́ ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń rí 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Scipione Riva-Rocci, ará Ítálì, ló ṣe aṣọ àwémápá ní 1896, àmọ́ ìka ló fi ń wá bí iṣan ṣe ń lù. Dókítà Rọ́ṣíà kan, Nikolai Korotkov, ló mú etí wọ̀ ọ́ ní 1905. Ẹ̀rọ oníbátìrì òde òní kò tilẹ̀ létí. Bí afẹ́fẹ́ inú aṣọ ṣe ń gbọ̀n ló ń kà.

Irin ẹlẹ́ka méjì kan tún wà nínú àpò mi tó máa ń dún bí a bá gbá a. John Shore, afọnkàkàkí ààfin ní London, ló ṣe irú rẹ̀ ní 1711 kí olórin lè mú ohùn. Tèmi ń gbọ̀n nígbà 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo máa ń gbé ìdí rẹ̀ lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí kò bá mọ̀ pé ó ń gbọ̀n, ìṣó lè gún un lóko láìmọ̀.

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Ìbàràpá, agbègbè tí Igbó-Ọrà wa wà. Igbó-Ọrà tún wà nínú ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú, bíi 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 26 ní erékùṣù Kàríbíánì, 33 ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Ìsanra àti iyọ̀ wà lára ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àjogúnbá lásán ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti orí ọ̀kadà bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ tọ̀, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, ẹ panu mọ́. Bí wọ́n bá sì wé aṣọ náà lé apá ẹ̀wù yín, ẹ ní kí wọ́n tú u.