Kọ̀ǹpútà Àkọ́kọ́ Tí A Lò: Ìrántí àti Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, mu púpọ̀. Àwọn ọmọ wa ní fóònù olówó ńlá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò jù wá lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ dé, àkísà rẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ àwa àgbà ló sì wà.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Èkíní ni bí kọ̀ǹpútà ṣe dé ilẹ̀ wa àti bí a ṣe ń lò ó. Èkejì ni ìdí tí orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wa fi yàtọ̀ láti ìwé kan sí òmíràn. Ẹ̀kẹta ni ohun tó yẹ kí á tètè ṣe sí àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó wà nínú àpótí wa, kí ìtàn ẹbí àti ti ẹgbẹ́ má baà parun.

NÍGBÀ TÍ Ẹ̀RỌ KAN GBA ODIDI YÀRÁ

Ọdún 1963 ni ìtàn sọ pé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, nítorí iṣẹ́ ètò ìkànìyàn 1962 àti 1963. Láàárín ọdún 10 tó tẹ̀lé e, gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò ju nǹkan bí 20 sí 25 lọ. Ọwọ́ ìjọba, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti yunifásítì ni wọ́n wà. Ẹ̀rọ kan lè gba odidi yàrá, a sì ní láti fi ẹ̀rọ amúlétutù mú yàrá náà tutù tọ̀sán-tòru, nítorí ooru kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Káàdì páálí ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní òpó 80, lẹ́tà kan tàbí nọ́ńbà kan ni òpó kọ̀ọ̀kan sì lè gbà. Ẹni tó ń tẹ káàdì yóò jókòó ti ẹ̀rọ tó ń lu ihò sí i. Ibi tí ihò bá wà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ohun tí a kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bá ní iṣẹ́ ìṣirò yóò fi rọ́bà di káàdì rẹ̀ jọ, yóò fún àwọn òṣìṣẹ́ yàrá kọ̀ǹpútà, yóò sì padà wá gba èsì, ó lè jẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí àmì kan ṣoṣo bá ṣì, asán ni ìrìn-àjò náà. Bí ìdì káàdì bá sì jábọ́ tó dàrú, ẹkún dé nìyẹn, àfi kó tún un tò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà gbòòrò. Ní 1978 ni wọ́n dá JAMB sílẹ̀. Ọdún náà gan-an ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ilẹ̀ wa dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Nigeria Computer Society lónìí. Ọ̀pọ̀ wa ni kò fojú kan kọ̀ǹpútà nígbà náà, síbẹ̀ òun ló ń to orúkọ wa.

ÌDÍ TÍ ORÚKỌ WA FI Ń GÉ

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ kan wò: Ọlátúnbọ̀sún Olúwafúnmiláyọ̀. Lẹ́tà 11 ni ti àkọ́kọ́, 14 ni èkejì, àyè kan sì wà láàárín wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 26. Bí ẹni tó ṣètò káàdì bá fi òpó 20 sílẹ̀ fún orúkọ, kí òpó yòókù lè gba ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà iṣẹ́ àti owó oṣù, ohun tí yóò wọlé ni OLATUNBOSUN OLUWAFUN. Ẹni tí òbí rẹ̀ sọ pé Olúwa fún òun láyọ̀ wá di "Olúwa fún". A kò mọ ohun tí Olúwa fún un mọ́.

Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe é. Àyè inú kọ̀ǹpútà wọ́n bí ojú nígbà náà. Ìdí kan náà ló mú kí wọ́n máa kọ 75 dípò 1975, èyí tó wá di ìbẹ̀rù káàkiri àgbáyé nígbà tí ọdún 2000 ń bọ̀, pé ẹ̀rọ lè rò pé 1900 ni a padà sí.

Ìṣòro kejì ni ti lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ètò lẹ́tà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1963, tí a ń pè ní ASCII, ní àyè 128 péré. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àwọn àmì mìíràn gbà á tán. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má tilẹ̀ sọ ti àmì ohùn. Nítorí náà, oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, gbogbo wọn di "oko" lójú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ taipísì ló jẹ́ pé bírò ni wọ́n fi ń kan àmì sábẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn tí ìwé bá jáde tán.

Lẹ́yìn náà ni ètò Unicode dé ní 1991, tó fẹ́ gba lẹ́tà gbogbo èdè ayé. Lónìí ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ fi àmì ohùn sórí ẹ tàbí ọ, ẹ̀rọ máa ń ka àmì náà sí ohun ọ̀tọ̀ tó gùn ún lórí. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí di àpótí òfìfo nínú ìwé mìíràn. Àwọn ọmọ wa kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà Túndé Adégbọlá dá ilé-iṣẹ́ Alt-i sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti mú kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè wa. Níhìn-ín ní Abuja pẹ̀lú, ní 2007, wọ́n dán àwọn kọ̀ǹpútà kékeré XO wò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima. Bọ́tìnnì tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà lórí ẹ̀rọ náà ní lẹ́tà Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Láti 2014 tí BVN ti bẹ̀rẹ̀, àti láti ìparí 2020 tí wọ́n ti ní kí a so NIN mọ́ nọ́ńbà fóònù, ẹ̀rọ kan ń bi ẹ̀rọ kejì léèrè orúkọ wa. Bí ti iṣẹ́, ti báńkì àti ti NIN kò bá dọ́gba, owó ìfẹ̀yìntì lè há síbì kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí i mọ bí kóòtù àti ìwé ìbúra ṣe ń gba àkókò. Ẹ yẹ orúkọ yín wò nísinsìnyí, nígbà tí ara ṣì le, kí ẹ sì bá àwọn òbí yín yẹ tiwọn wò.

KỌ̀ǸPÚTÀ DÉ ORÍ TÁBÌLÌ

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981 ni IBM gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ jáde. Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ́fíìsì ní Èkó, Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó wá sí Abuja ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, taipúráítà ṣì ló ń dún ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì sì wà nínú yàrá ọ̀tọ̀. Ẹ ó bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó fi aṣọ bò ó bí ẹni bo ọmọ tuntun.

Kò sí àwòrán kankan lójú rẹ̀. Ojú dúdú ni, àmì kékeré kan a máa ṣẹ́jú, yóò máa retí ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ àṣẹ lórí: DIR láti rí ohun tó wà nínú rẹ̀, COPY láti dà á kọ. WordStar àti WordPerfect la fi ń tẹ lẹ́tà, Lotus 1-2-3 la fi ń ṣírò owó. Pirínńtà ìgbà náà a máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, ìwé rẹ̀ a máa ní ihò lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí Windows 95 dé ní oṣù Kẹjọ 1995, ọ̀pọ̀ àgbà ló jẹ́ pé eré káàdì inú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń darí máòsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Apo Mechanic Village mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kò mọ sí ọ́fíìsì. Mọ́tò tó ń lo kábúrétọ̀, etí àti ọwọ́ mẹ́káníìkì tó láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ojú ihò kan náà tí a lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Tòkunbọ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀gá mẹ́káníìkì tí kò tẹ ìwé kankan rí lórí kọ̀ǹpútà wá ń ka ohun tí brain box ń sọ. Oníkọ̀ǹpútà lòun náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

NẸ́PÀ ÀTI IṢẸ́ TÓ Ń PÒÓRÁ

Kò sí ẹni tó lo kọ̀ǹpútà ìgbà náà tí kò ní ìtàn NẸ́PÀ lẹ́nu. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wà níbi ìrántí kan tó jẹ́ pé iná ló gbé e dúró. Bí iná bá lọ, ó ti parẹ́, bí ohun tí a kọ sórí iyanrìn tí omi gbá lọ. Àfi bí a bá ti pàṣẹ pé kó tọ́jú rẹ̀ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì ló tó dúró. Fún àwa tó lo WordPerfect, F10 ni bọ́tìnnì náà. Ẹni tó bá tẹ ojú ìwé mẹ́ta láìtẹ F10 ti fi ọ̀rọ̀ sí ọwọ́ NẸ́PÀ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú títí di òní. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ìyà ló kọ́ wọn.

DÍSÍKẸ́Ẹ̀TÌ: OHUN TÓ Ń KÚ LỌ NÍNÚ ÀPÓTÍ WA

Dísíkẹ́ẹ̀tì ńlá tó rọ̀, tó fẹ̀ tó ínǹṣì 5¼, a máa gba 360 kilobyte, nǹkan bí ojú ìwé 180 tí a tẹ̀. Kékeré tó le, tó jẹ́ ínǹṣì 3½, a máa gba 1.44 megabyte, tí í ṣe ojú ìwé tó lé ní 700. Ó pọ̀ lójú wa nígbà náà, ṣùgbọ́n fọ́tò kan ṣoṣo tó bá wọn megabyte 4 láti inú fóònù òde òní yóò gba dísíkẹ́ẹ̀tì kékeré 3. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni dísíkẹ́ẹ̀tì ń rìn, bẹ́ẹ̀ sì ni vairọ́ọ̀sì ń bá a rìn. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tó tàn káàkiri ni Brain, tó jáde láti Pakistan ní 1986.

Inú nǹkan wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àti ẹbí kọ ìtàn wọn sí láàárín 1990 àti 2005: àkọsílẹ̀ ìpàdé, òfin ẹgbẹ́, orúkọ àwọn tó dáwó fún ilé ìpàdé, ètò ìsìnkú bàbá àgbà, orírun ìdílé tí àgbà kan jókòó sọ kó tó papòdà. Ṣùgbọ́n ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gba ọ̀rọ̀ náà dúró kì í wà títí. Ooru ń bà á jẹ́, ọ̀rinrin ń hu èbu lára rẹ̀. Sony tó tà wọ́n jù dẹ́kun títà wọn ní Japan ní 2011, kọ̀ǹpútà òde òní kò sì ní ojú ihò wọn mọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ike lásán ni àwọn ọmọ wa yóò jogún.

Ohun tó yẹ kí á ṣe nìyí:

1. Ẹ wá gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì inú ilé jáde, ẹ to orúkọ tó wà lára wọn sínú ìwé. Ẹ má da èyíkéyìí nù nítorí pé ó ti gbó.

2. Ẹ wo ojú rẹ̀ lábẹ́ irin tó ń sún. Bí èbu funfun bá wà níbẹ̀, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

3. Lára ti ínǹṣì 3½, bọ́tìnnì kékeré kan wà ní igun. Ẹ sún un títí ihò yóò fi ṣí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì kọ nǹkan lé e lórí.

4. Ẹ wá ẹ̀rọ akàwé dísíkẹ́ẹ̀tì tó ń lo USB. Ẹgbẹ́ lè ra ẹyọ kan fún gbogbo wa. Ti ínǹṣì 5¼ nílò onímọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè bóyá kó fọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà mọ́, tó kọ "format", ẹ sọ pé rárá.

5. Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ. Bí fáìlì kò bá ṣí, LibreOffice, tí a kì í sanwó fún, lè ṣí ọ̀pọ̀ fáìlì WordPerfect, Lotus àti Word àtijọ́. Ẹ tún wọn tọ́jú bíi PDF, ẹ fi wọ́n sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì tẹ èyí tó ṣe pàtàkì sórí ìwé.

6. Ẹ jókòó ti àgbà tó tẹ ìwé náà. Ẹ béèrè ẹni tí àwọn orúkọ inú rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì fi àmì ohùn sórí wọn bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lè kọ ọ́. Ẹnu àgbà nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ yìí dùn láti pín. Kí ọmọdé mú ọwọ́ tó yá wá, kí àgbà mú ìrántí wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá gba dísíkẹ́ẹ̀tì kan péré là kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó ń bọ̀ tó pé, ẹgbẹ́ wa yóò ti ní ìtàn tí ọmọ ọmọ wa lè kà.

Olódùmarè yóò dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, orúkọ wa kò ní parẹ́, iná ìdílé wa kò sì ní kú. Àṣẹ.