Ẹ Má Fi Aláìsàn Pamọ́: Bí Ṣọ̀pọ̀ná Ṣe Kásẹ̀ Nílẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Àjàṣẹ́ léèrè, wọn yóò sọ fún yín pé àrùn kan wà láyé àtijọ́ tí ènìyàn kì í fẹ́ dárúkọ. Òun ni Ṣọ̀pọ̀ná. Àwọn mìíràn ń pè é ní Olóde. Àwọn Fọ̀n àti Gùn ń pè é ní Sakpata. Bí ó bá mú ènìyàn 10, ó lè pa 3. Ẹni tí kò bá pa, àpá rẹ̀ kì í kúrò lójú onítọ̀hún. Ó sì máa ń fọ́ ẹlòmíràn lójú.

Lónìí, Ṣọ̀pọ̀ná kò sí ní Àjàṣẹ́ mọ́. Kò sí ọmọ tí ń ṣe é ní ibikíbi láyé. Báwo ni ó ṣe lọ?

Oògùn wà, àrùn kò lọ

Ní ọdún 1796, Edward Jenner, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ẹni tí ó bá ti kó àrùn kékeré kan lára màlúù, Ṣọ̀pọ̀ná kì í mú un. Láti ibẹ̀ ni ìbupá ti bẹ̀rẹ̀. Ìbupá a máa kọ́ ara wa láti mọ ọ̀tá kí ọ̀tá tó dé.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 150, àrùn yìí ṣì ń pa ènìyàn nílẹ̀ wa. Kí ló fà á? Wọ́n rò pé àfi bí a bá bupá fún gbogbo ènìyàn. Ta ni ó lè rí gbogbo ènìyàn? Àwọn kan wà lóko, àwọn kan wà lọ́jà, a sì ń bí ọmọ lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ Dókítà Foege

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, William Foege, dókítà ará Amẹ́ríkà, wà ní agbègbè Ogoja, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n wá sọ fún un pé Ṣọ̀pọ̀ná ti bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé kan. Oògùn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó. Kí ni kí ó ṣe?

Foege ti bá wọn pa iná igbó rí nígbà èwe rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí iná bá ń jó bọ̀, a kì í da omi sí gbogbo igbó. A ó ṣán koríko tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí iná kò bá rí ohun tí yóò jó mọ́, yóò kú.

Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rédíò bá àwọn míṣọ́nnárì agbègbè náà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n rán ènìyàn sí abúlé kọ̀ọ̀kan láti wádìí bí aláìsàn bá wà níbẹ̀. Wọ́n tún béèrè pé: Ọjà wo ni àwọn ará abúlé yìí ń ná? Níbo ni àwọn ẹbí wọn ń gbé? Wọ́n bupá fún àwọn tí ó yí aláìsàn ká. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sí ibi tí àrùn náà lè gbà kọjá.

Ṣọ̀pọ̀ná kì í yára. Ó máa ń tó bí ọjọ́ 12 lára ènìyàn kí ó tó hàn. Nítorí náà, bí a bá tètè bupá fún ẹni tí ó súnmọ́ aláìsàn, a lè gbà á là. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àrùn náà dáwọ́ dúró níbẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1967, iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè wa, tí à ń pè ní Dahomey nígbà náà, wà lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ sì tẹ̀lé ọ̀nà Foege. Ní ọdún 1970, Ṣọ̀pọ̀ná tán ní agbègbè wa. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.

Ẹ̀kọ́ tiwa

Nígbà náà, àwọn kan máa ń fi aláìsàn wọn pamọ́ nítorí ẹ̀rù tàbí ìtìjú. Aláìsàn tí a fi pamọ́ dà bí ẹ̀yinná lábẹ́ eérú. Ìlú ọlọ́jà ni Àjàṣẹ́. Bí ènìyàn ṣe ń ti ọjà Ouando lọ sí Ìgòlò, sí Pọ́bẹ̀, sí Bàdágìrì, bẹ́ẹ̀ ni àrùn lè bá a lọ.

Èèyí ṣì wà láàárín wa. Ó yára ju Ṣọ̀pọ̀ná lọ. Ọmọ lè kó o ran ọmọ mìíràn kí ara rẹ̀ tó sú. Nítorí náà, a kò lè dúró títí yóò fi bẹ́ sílẹ̀. Nínú ọmọ 100, ó yẹ kí bí 95 ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí:

1. Ẹ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Abẹ́rẹ́ èèyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti oṣù 9. Ẹ tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ.
2. Bí ara ọmọ bá gbóná tí ó sì sú, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ lójijì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.
3. Ẹ má fi aláìsàn pamọ́. Ọmọ yín nìkan kọ́ ni ẹ ń gbà là. Ẹ ń gba ọmọ aládùúgbò là pẹ̀lú.

Ìbéèrè

1. Kí ni Foege fi wé àrùn Ṣọ̀pọ̀ná?
2. Kí nìdí tí ó fi béèrè ọjà tí àwọn ará abúlé ń ná?
3. Ọmọ mélòó nínú ilé yín ni kò tíì gba abẹ́rẹ́ èèyí?