Ìrọ̀rùn Ìgbé-Ayé Ọmọdé: Orúkọ tí a ó fi Wọ̀n Ọ́n

Nínú àwọn èrò ìmọ̀ ìṣègùn tí ó ń fẹ́ orúkọ tí ó gún régé lédè Yorùbá, ọ̀kan wà tí ó jọ ohun tí kò le. Òun ni bí ìgbé-ayé ọmọ ṣe rí fún ọmọ náà nígbà tí àìsàn ń bá a jà àti lẹ́yìn tí ó ti gba ìtọ́jú. Ète wa níhìn-ín ni láti yan orúkọ fún un, kí a sì fi hàn pé bí a bá ṣì í yàn, ìwọ̀n tí a bá wọ̀n kò ní jẹ́ òótọ́.

Wíwọn ìlera ọmọdé kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ń lo ìwé ìdàgbàsókè fún àwọn ọmọ ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọn a gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọn a fi àmì sínú ìwé, ìyá a sì mú ìwé náà lọ sílé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tàn kárí ayé. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kò lè sọ bóyá ọmọ rí oorun sùn, tàbí bóyá ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Láti ọdún 1948 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti là á kalẹ̀ pé ìlera ju àìsí àrùn lọ. Ó kan ara, ọkàn àti àjọṣe ẹni pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Ìbéèrè ni a fi ń wọn irú nǹkan báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìbéèrè tí ó lókìkí jù ni PedsQL ti James Varni. Ẹ̀dà rẹ̀ tí a gbé jáde ní 2001 ní ìbéèrè 23: 8 lórí ara, 5 lórí ìmọ̀lára, 5 lórí àjọṣe, 5 lórí ilé-ìwé. Ní 2011 ni ti àwọn ìkókó jáde: ìbéèrè 36 fún ọmọ oṣù 1 sí 12, àti 45 fún ọmọ oṣù 13 sí 24.

Kí ni kí a wá pe ohun tí wọ́n ń wọ̀n? Àwọn kan ń pè é ní ‘ìgbádùn ayé’. Mo dán an wò lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́mọ kan ní Òkè-Odò, ní Alímọ̀ṣọ́, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó ní, “Ìgbádùn kẹ̀, sà? Yàrá kan ṣoṣo ni a ń gbé.” Owó ni ó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo tún un bi: “Ṣé ara ọmọ le?” Ó ní, “Ó le, sà. A dúpẹ́.” Kíkí ni ó gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí a bá sì kí yóò dúpẹ́ ni. Nígbà tí mo béèrè iye ọjọ́ tí ara kò jẹ́ kí ọmọ ṣeré ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó ka ìka rẹ̀, ó ní mẹ́ta. Ọmọ náà gbé orí sókè: “Mẹ́rin ni, màámi. Ẹ ti gbàgbé ọjọ́ tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn.”

‘Ojúlówó ayé’ náà kò bá a mu, nítorí ohun tí kì í ṣe ayédèrú ni ojúlówó. Ohun tí a dábàá ni ‘ìrọ̀rùn ìgbé-ayé ajẹmọ́-ìlera’. A máa ń sọ pé ara rọ ẹnìkan, a sì máa ń sọ pé nǹkan rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà kan ara, ó kan ọkàn. Ó tún ní òdì-kejì tí gbogbo ènìyàn mọ̀, èyí tíí ṣe ‘ìnira’, òṣùwọ̀n sì gbọ́dọ̀ ní ìpẹ̀kun méjì.

Ìdáhùn pẹ̀lú ń fẹ́ àmójútó. Márùn-ún ni PedsQL ní: ‘kò ṣẹlẹ̀ rárá’, ‘ó ṣọ̀wọ́n’, ‘lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan’, ‘lọ́pọ̀ ìgbà’ àti ‘ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà gbogbo’. Máàkì wọn ni 100, 75, 50, 25 àti 0. Bí atúmọ̀ èdè bá fi ‘kì í sábà’ dípò ‘ó ṣọ̀wọ́n’, ọ̀pọ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ‘lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan’, máàkì 25 yóò sì ṣìnà láìjẹ́ pé ara ọmọ yí padà.

Ó ku ẹni tí yóò dáhùn. Ìkókó kò lè sọ̀rọ̀, nítorí náà òbí ni agbẹnusọ rẹ̀; a lè pe ti òbí ní ‘ìjábọ̀ agbẹnusọ’. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún 5 ni PedsQL ti ní ìwé fún ọmọ fúnra rẹ̀. Èyí ni ‘ìjábọ̀ àfẹnu-ara-ẹni-ṣe’. Kí a má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè pé kí ẹ dán àwọn orúkọ wọ̀nyí wò lẹ́nu àwọn òbí àti àwọn ọmọ kí a tó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ilé-ìwòsàn. Ọjọ́ kẹrin tí ìyá gbàgbé yẹn, ọmọ kò gbàgbé rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yé e ni ó jẹ́ kí ó lè sọ ọ́.