Àgbo Ilé àti Ilé Ìwòsàn Bassila

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2024, ààfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé próstéètì Ọba Charles ti wú, àti pé yóò lọ gba ìtọ́jú. Ojú kò tì í. Ní abúlé Doguè, lágbègbè Bassila ní Benin, ẹni tó bá ti oko iṣu bọ̀, tó dúró sẹ́yìn igi kájú títí torí pé ìtọ̀ kò tètè wá, kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí ọmọ bá béèrè, á ní àgbà ló dé.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ti pé 60 ọdún ni kókó tí wọ́n ń pè ní próstéètì yìí ti ń tóbi lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yọ gbogbo wọn lẹ́nu. Ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká lábẹ́ àpò ìtọ̀. Bó bá ti ń wú, á máa fún ọ̀nà náà pa. Ìtọ̀ kì í dà ṣàà mọ́. Ọkùnrin á máa fi ipá tọ̀, á kán tó-tó sí ṣòkòtò, kò sì ní pẹ́ tó tún fẹ́ tọ̀.

N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu àgbo. Ó wà nítòsí, owó rẹ̀ kò ga, ẹni tó sè é sì mọ ìdílé bàbá. Èèpo igi Prunus africana, tó ń hù lórí àwọn òkè Kamẹrúùnù, ni àwọn ará Faransé fi ń ṣe oògùn àìsàn yìí láti nǹkan bí ọdún 1970. Ìwádìí fi hàn pé ó ń dín ìnira kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé èèpo yẹn ló wà nínú ìgò tí wọ́n gbé fún bàbá, tàbí bó ṣe pọ̀ tó? Èyí tí wọ́n rẹ sínú ọtí sódábì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọtí a máa mú ìtọ̀ pọ̀, nígbà tí ọ̀nà tó yẹ kó gbà jáde ti há. Oògùn ọ̀fìnkìn orí àtẹ náà lè dí i pátápátá.

Ìnira wà nínú lílọ sí ilé ìwòsàn Bassila náà: owó alùpùpù, ọ̀nà tí òjò ń bà jẹ́, dókítà tó ní láti ti ìka bọ ìdí àgbàlagbà. Síbẹ̀, ìka yẹn ló mú kí n gbé ti Bassila lékè. Kókó tó wú lásán a máa dán lábẹ́ ìka. Èyí tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ a máa le, a sì rí gúdúgúdú. Ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú a máa jí ènìyàn lóru. Àgbo kan náà ni alágbo á fún àwọn tó ní àìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nínú oògùn ilé ìwòsàn, tamsulosin ń tú ọ̀nà ìtọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, òyì sì lè kọ́ni béèyàn bá dìde lójijì. Finasteride ló ń mú kókó náà sún kì, ó sì lè gba oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá dá a dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì lò ó.

Bí ìtọ̀ bá dí tí ikùn sì le, kò sí àgbo tó kàn án mọ́. Ẹ gbé bàbá lọ lóru ọjọ́ náà kí wọ́n ki rọ́bà tí ń fa ìtọ̀ sí i, nítorí kídìnrín ló kù tí ìtọ̀ á bà jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn á gbé rọ́bà kiri fún oṣù púpọ̀ torí pé ó ń sá fún iṣẹ́ abẹ. Rọ́bà ń kó àrùn sára. Iṣẹ́ abẹ ń gé ohun tó dí ọ̀nà kúrò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, àtọ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin á máa padà sínú àpò ìtọ̀ dípò kó jáde. Ẹni tó ṣì ń wá ọmọ gbọ́dọ̀ sọ èyí fún dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.