Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé Lápá Ìjú àti Agége

Láti ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò gba Ìjú àti Agége lọ sí Yábàá, ó ti rọrùn láti gbé lápá ibẹ̀ kí èèyàn sì máa lọ ṣiṣẹ́ nígboro Èkó. Ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ yá fúláàtì níbẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ rà á.

Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri dáadáa: bí ilà ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀, ibi tí omi ń dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, ẹ béèrè ìdí. Kì í ṣe ejẹ́ńtì ni kí ẹ bi o. Ẹ bi ìyá tó ń din àkàrà lẹ́nu géètì; òun kò ní kọmíṣọ́n tó fẹ́ gbà.

Ó dára kí pápá ìgbafẹ́, ọjà àti ilé ìwòsàn wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ilé tó sún mọ́ pápá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ pápá. Ilé tó bá wà lórí ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún pápá, títì tàbí ojú àgbàrá, katapílà lè wó o, àti onílé àti ayálégbé ni yóò sì kẹ́rù síta. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ̀dọ̀ LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, hàn yín.

Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011, kò gba onílé láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó san jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá ti rú òfin: ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 3 ló wà fún un. Òfin yìí kò dé Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkejà. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ yín, àdírẹ́sì ilé, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún. Bí ẹ bá ń sanwó lọ́dọọdún, tí ìwé àdéhùn yín kò sì sọ nǹkan mìíràn, nótíìsì oṣù 6 ni ẹ̀tọ́ yín.

Ní ti rírà, C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, tí wọ́n fi hàn yín lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Kí lọ́yà yín lọ yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ìjọba ní Alausa, kí awọnlẹ̀ sì yẹ sọ́fè rẹ̀ wò. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà. Bí àyẹ̀wò lọ́yà àti ti awọnlẹ̀ kò bá tíì jáde, ẹ má san kọ́bọ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n ní ẹlòmíràn ti ń kówó bọ̀.