EYÍN FUNFUN TÀBÍ ẸNU MÍMỌ́?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, lẹ́yìn ìrun Asùbá ní ọjọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú jamáà wa, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá, wá bá mi. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù kan. Ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe àdúà. N kò lè mu omi tútù mọ́, eyín ń ta mí." Mo bi í pé kí ni ó fi kan eyín. Ó ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí kò funfun tó, ó gún èédú mọ́ ọn. Nítorí fọ́tò ìyàwó ni o! Ṣùgbọ́n eyín náà tún wá pọ́n sí i.

Mo ní, "Ọmọ mi, a ó ṣe àdúà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ jáwọ́ ná."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eyín ní èèpo òde tí ó le ju egungun lọ. Ara eyín tí ó wà lábẹ́ èèpo yìí pọ́n díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun ṣe dá a. Kíkan ọsàn a máa yọ́ èèpo náà, èédú a sì máa ha á. Bí ó bá ti lọ, kì í hù padà. Bí ó ti ń fẹ́lẹ́ ni pípọ́n abẹ́ rẹ̀ ń yọjú, tí omi tútù sì ń ta ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ha eyín kí ó lè funfun, pípọ́n ni ó ń wá.

Kí ni ẹ̀sìn wí? Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ràn orín púpọ̀. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ìnira fún wa ni, òun ìbá pa á láṣẹ nígbà ìrun kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́tótó ẹnu ni ó ń wá. Ó sì kọ̀ fún wa pé kí a máa rẹ́ eyín láti fi ṣe èjí nítorí ẹwà. Ẹ rí i pé títọ́jú eyín yàtọ̀ sí bíbà á jẹ́.

Ohun tí a lè ṣe nílé nìyí:

Èkíní, ẹ fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ìṣẹ́jú méjì, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí a kọ fluoride sí lára. Bí ẹ bá ń run orín, ìbáà ṣe orín àtá tàbí pákò Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ ẹ́ títí orí rẹ̀ yóò fi rọ̀, kí ẹ tó fi ra eyín jẹ́jẹ́.

Èkejì, ẹ̀yin awakọ̀ táńkà tí ẹ ń fi obì àti sìgá lé oorun lọ, àwọn ni ó ń pa eyín láró. Ẹ fi sìgá sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ obì, ẹ fi omi ṣan ẹnu.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá jẹ ọsàn, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ ẹnu.

Ẹ̀kẹrin, ìdọ̀tí tí ó ti le mọ́ ìdí eyín, dókítà eyín ni ó ń yọ ọ́. Àwọ̀ tí oògùn tetracycline fi sí eyín láti kékeré, inú ni ó wà; fífọ̀ kò lè mú un kúrò. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà.

Oògùn tí ó ń sọ eyín di funfun ní tòótọ́ ni hydrogen peroxide, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni a fi ń lò ó. Láti ọdún 2012, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí a ta èyí tí ó ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ fún ará ìta. Ọwọ́ dókítà eyín ni ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ wá. Èyí tí wọ́n ń kiri nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ta ni ó wọ̀n ọ́n?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jáwọ́, ó lọ rí dókítà. Títa náà dínkù, ṣùgbọ́n èèpo tí ó lọ ti lọ. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìyàwó rẹ̀, ìyàwó kò sì bèèrè funfun.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ẹnu mímọ́ àti ọ̀rọ̀ mímọ́. Àmín.