Páìpù Èéfín Ọkọ̀ Tí Ń Fa Ẹrù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà ńlá I-70 jáde ní ìlú Denver nílẹ̀ Amẹ́ríkà rí, tí ó dorí kọ ìwọ̀-oòrùn, yóò jẹ́rìí mi pé òkè ibẹ̀ kì í ṣe òkè àfẹnusọ, nítorí pé láti ìlú náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti fi 5,280 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ojú òkun lọ, ni ọ̀nà yóò ti máa pọ́n títí yóò fi dé ihò Eisenhower tí wọ́n gbẹ́ la inú àpáta já, níbi tí gíga rẹ̀ ti lé ní 11,000 ẹsẹ̀ bàtà. Níbẹ̀ ni à ń rí àwọn píkọ́ọ̀pù ńláńlá tí wọ́n so kẹ̀kẹ́ akẹ́ṣin, ọkọ̀ ojú omi tàbí odidi ilé alágbèéká mọ́ ìdí, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí alábàárù tí ó ru àgbá epo gòkè. Ibẹ̀ náà sì ni páìpù èéfín tí onímọ́tò fi owó ara rẹ̀ rà, tí ó fi pààrọ̀ èyí tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́, yóò ti fi irú ẹni tí ó jẹ́ hàn.

Bí ènìyàn ti ń mí sínú tí ó sì ń mí síta, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ń ṣe. Bí èéfín kò bá ráyè jáde, ooru yóò há sínú. Nínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, tí èéfín kọ́kọ́ ń yí tọ́bò, ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, kí ó tó kọjá sẹ́yìn, ooru yìí lè ba irin jẹ́, àní irin, ohun ìní Ògún Lákáayé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ń fa ẹrù fi ń so aago ooru mọ́ páìpù, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí ó pẹ́ lókè nǹkan bí 1,250 ìwọ̀n Fahrenheit.

Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Láti ọdún 2007 ni àwọn píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń ní asẹ́ tí ń gba èérí dúdú inú èéfín dúró. Asẹ́ yìí gan-an ni ó ń dí èéfín lọ́nà jù, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ilẹ̀ náà sì kọ̀ kí a yọ ọ́. Ohun tí a lè pààrọ̀ láìlu òfin ni èyí tí ó wà lẹ́yìn asẹ́, èyí kò sì lè fi agbára púpọ̀ kún ọkọ̀. Òǹtajà tí ó bá ṣèlérí agbára rẹpẹtẹ fún ọ, kí o rọra máa lọ. Lójú tèmi, ohun méjì ni ó yẹ kí a náwó sí: kí ó má tètè dípẹtà, kí ó má sì ba ìrìn àjò jẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ti ariwo ni ó ń dùn mí jù. Sàlẹ́ńsà tí ń bú ramúramù máa ń wu ọ̀dọ́ níwájú ilé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń fa ẹrù lè fi wákàtí mẹ́jọ wà lórí ìyára kan náà, níbi tí ohùn náà ti ń di húnúnúnú kan tí kì í dáwọ́ dúró, tí yóò máa gbọn àyà awakọ̀ títí orí yóò fi máa fọ́ ọ, tí ọmọ kò sì ní lè sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Kí olúwarẹ̀ wá ẹni tí ó ti so irú èyí tí òun fẹ́ rà mọ́ irú ọkọ̀ tirẹ̀, kí ó bá a fi ẹrù rìn, kí ó tó sanwó.

Ní ti ìwọ̀n, páìpù íǹṣì mẹ́rin tàbí márùn-ún bá dísẹ́ẹ̀lì mu. Ti ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bí tirẹ̀ bá fẹ̀ jù, èéfín yóò lọ́ra, agbára tí a nílò láti fi gbéra pẹ̀lú ẹrù yóò sì dín kù. Kí igun páìpù má sì ṣe wọnú níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù, irin tí wọ́n kàn fi alumíníọ́mù bò kì í pẹ́ dípẹtà. Irin aláìdípẹtà tí wọ́n ń pè ní 304, tí ó ní nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kúrómíọ́mù, máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí ẹnu páìpù kọjú sí. Èyí tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè máa tú èéfín sójú fèrèsé kẹ̀kẹ́ akẹ́ṣin, ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀ ni yóò sì máa fà á símú ní gbogbo ọ̀nà. Èyí tí wọ́n nà ró bí òpó nínú ibi ìkẹ́rùsí ọkọ̀ ń gba àyè ibi tí à ń so ẹrù wúwo mọ́.

Lẹ́yìn ìrìn àjò kìíní, nígbà tí irin bá ti tutù, kí awakọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ó tún gbogbo ìdè fún, kí ó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí ibi tí ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ibẹ̀ ni èéfín ti ń jò, kí ó sì dí i kí ó tó so kẹ̀kẹ́ akẹ́ṣin mọ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.